Ọkàn Pak Gunarso Lọ́rùn Ọwọ́ Kasdi

Pak Gunarso ni ọ̀gá ilé ìwé wa kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ládùúgbò wa ní Madiun tí kò jẹ pàṣán rẹ̀ rí, èmi Tarmuji sì jẹ ju ìpín tèmi lọ. Ṣùgbọ́n pàṣán kọ́ ló burú jù, ẹnu rẹ̀ ni. Bí ó bá nà ọ́ tán, á ní kí o dojú kọ kíláàsì, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé olódo ni ọ́. Tí o bá sọ ọ́ tán, á fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Mi ò gbọ́. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ gbọ́?" Àwọn ará ẹ̀yìn á ní àwọn ò gbọ́, nítorí ẹni tó bá ní òun gbọ́ ni yóò jáde tẹ̀ lé ọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò rí ọmọ nà mọ́, ó kọjú ẹnu náà sí ará àdúgbò. Ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ni mo ti ń ṣọ́ alùpùpù, ibẹ̀ ló sì máa ń gbé tirẹ̀ sí láràárọ̀. Ìrẹ̀ ló ń pè mí, nítorí fèrè tí mo ń fọn. "Ìrẹ̀! Gbogbo ìṣirò tí mo fi kọ́ ọ, alùpùpù lo wá ń fi kà." Màá rẹ́rìn-ín, màá sì bá a nu ìjókòó alùpùpù rẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹni tó ń jẹun lójú títì kì í bá ẹlẹ́nu jà.

Ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú ni àìsàn ọkàn kọ́kọ́ mú un. Dókítà ní ọ̀kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti ń dí. Kí ó máa rìn láràárọ̀, kí ó jáwọ́ nínú ohun díndín, kí ó sì tètè wá nígbàkígbà tí àyà bá ń dùn ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò la àyà náà, tàbí kí wọ́n má bá nǹkan kan là mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Palupi, nọ́ọ̀sì ni ní Perth lókè òkun. Ó sáré wálé, ó sunkún títí, ó sì ra aago ọwọ́ kan fún bàbá rẹ̀, irú èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó sì ń fi í hàn án lójú fóònù tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Bapak," ó ní, "àràárọ̀ ni mo fẹ́ máa rí ọkàn yín kó máa ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mi ò bá rí i, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Perth lẹ máa bá mi lọ."

Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rù Perth. Ó ti dé ibẹ̀ rí. "Kò sí pecel níbẹ̀," ó sọ fún wa nínú àtíbàbà Mbok Jirah tó ń ta pecel náà, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ olọ́bẹ̀ ẹ̀pà. "Kò sí èèyàn lójú títì. Ajá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá débẹ̀, ta ni màá bú?"

Ó kọ́kọ́ rìn díẹ̀. Orúnkún dùn ún, ó sì sú u. Pak Wondo tún wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wondo yìí, aránṣọ ni, ọkùnrin tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ọmọ ilé ìwé rẹ̀ bíi tiwa. Òun ló dá ẹgbẹ́ eré ìmárale tó ń pàdé ní pápá sílẹ̀, òun ló ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀. Ó kọjá lára Pak Gunarso lọ́jọ́ kan, ó ní, "Pak Guru, ìgbín ń kí yín o." Ọjọ́ kejì ni Pak Gunarso wá mi wá nídìí alùpùpù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìrẹ̀, wá jókì fún mi."

Ní ilẹ̀ wa, kò sí iṣẹ́ tí ó nira tí èèyàn kì í rí jókì fún. Jókì ń bá ọmọ olówó ṣe ìdánwò. Jókì ń bá ènìyàn tò sórí ìlà. Nígbà tí ayé wá di pé bí o bá sáré tí o kò gbé e sójú fóònù, o kò sáré, jókì tún yọjú síbẹ̀: o gbé aago rẹ fún un, ó bá ọ sáré, ìwọ gba oríyìn. Ẹni tó ń gun ẹṣin ló yẹ kó máa jẹ́ jókì. Tiwa, ẹṣin gan-an la ń pè bẹ́ẹ̀.

Kasdi ni mo mú wá fún un. Becak ni Kasdi ń wà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè lórí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí okùn tí wọ́n lọ́, kò sì sí ìwà burúkú lọ́wọ́ rẹ̀. Pak Gunarso wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ yìí kọ́ ni kò mọ ìlọ́po méje?"

"Èmi ni, Pak Guru."

"Ó dáa. Ẹṣin kò nílò rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ló ti di Ẹṣin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Lẹ́yìn àtíbàbà Mbok Jirah, Pak Gunarso á tú aago, á so ó mọ́ Kasdi lọ́wọ́, á de fóònù mọ́ ọn ní apá, á sì kó íápíìsì fún un pé kí ó kì í bọ etí. Òfin mẹ́ta ló fún un: má dáhùn ìpè kankan; má tú aago títí o ó fi padà dé ọ̀dọ̀ mi; sáré bí arúgbó. Bí Kasdi bá ti lọ, òun á jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, á béèrè pecel àti fùkù màlúù tí wọ́n dín gbẹ, á máa jẹ. Palupi a máa bi í pé kí ló dé tí kì í wọ aago nílé. Ó ní ó ń yún òun lọ́wọ́.

Òfin kẹta ni Kasdi kò lè pa mọ́, orin ló sì fà á. Orin àtijọ́, àwọn orin jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi gìtá kọ láyé ìgbà tí Pak Gunarso ń wá ìyàwó, ló kó sínú fóònù, kí ẹsẹ̀ Kasdi má bàa yá jù. Kasdi ní oorun ló ń kùn òun. Ó tú inú fóònù wò, ó rí kóplò, orin ijó tí ìlù rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó, ó bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ẹsẹ̀! Mo rí i lọ́jọ́ náà tó gba iwájú mi kọjá, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ayé kò ṣe nǹkan kan fún un rí.

Pak Gunarso fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú nígbà tó dé. "Ẹni tó fẹ́ pé àádọ́rin ọdún ló ń sáré báyìí? Ìwọ ẹranko yìí, o fẹ́ pa mí?"

Fóònù bá dún. Palupi ni. A gbọ́ ohùn rẹ̀ látibi tí a wà. "Bapak! Mo fi han àwọn dókítà ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní kì í ṣe ọkàn arúgbó. Mo ní bàbá mi ni! Bapak, mo ti ń sùn dáadáa báyìí."

Ó yẹ kí ìyẹn dun ọkùnrin náà. Ó wú u lórí ni. Láti ọjọ́ náà kò bínú sí kóplò mọ́. Ó wọ inú ẹgbẹ́ Wondo lórí fóònù, àràárọ̀ ló sì ń gbé eré Kasdi síbẹ̀ pé tòun ni. Á gbé ti Wondo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wondo, ìyá arúgbó tó ń ti ọmọlanke lọ sọ́jà sáré jù ọ́ lọ." Lọ́jọ́ mìíràn á ní, "Wondo, dín ara rẹ kù bí ẹni ń dín aṣọ kù, o mọ iṣẹ́ náà." Gbogbo ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Wondo fi gbé ipò alága sílẹ̀ fún un, tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè rẹ̀ lọ sílé. Ìyàwó Wondo sọ fún Mbok Jirah pé ọkọ òun kì í jẹun alẹ́ mọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Pak Gunarso. Á gbé ṣíbí sílẹ̀, á fi ọwọ́ ra àyà, á dákẹ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bí ó bá dákẹ́, ẹ̀rù a máa bani.

"Ata ni, àbí kí ni?" Mbok Jirah bi í.

"Atẹ́gùn ni."

Mo ní, "Pak Guru, ẹ lọ rí dókítà o."

"Ẹ wo Ìrẹ̀ tó di dókítà!" ó ní. Ṣùgbọ́n ó lọ. Ọjọ́ tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. Ó ní dókítà gba fóònù lọ́wọ́ òun, ó wo eré àràárọ̀ náà, ó wo bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì bọ òun lọ́wọ́. "Ó ní àwọn ọmọ ogún ọdún tó ń wá síbẹ̀ kò ní irú ọkàn báyìí. Ó ní ọgbẹ́ inú ló ń dà mí láàmú. Ó ní kí n dín ata kù, kí n sì máa bá eré lọ."

Mbok Jirah ju ṣíbí sínú abọ́. "Ẹ ò sọ fún un pé ọkàn Kasdi ló ń wò?"

"Kí n sọ fún un? Òun àti Palupi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Palupi ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo wà ní Perth, mò ń wo ajá."

Kasdi ló sún mọ́ ọn. Ó nu òógùn ara rẹ̀, ó ní, "Pak Guru, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wọ aago yìí fúnra yín ní ọjọ́ kan péré. Ẹ rìn díẹ̀, kí dókítà rí tiyín. Ẹ lè sọ pé ara yín ò dá lọ́jọ́ náà."

Pak Gunarso wò ó. "Ìgbà wo ni ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀?"

A rẹ́rìn-ín, Kasdi náà rẹ́rìn-ín. Ó yá wa lára ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi tipátipá gba ọkùnrin náà là. Ẹnu ẹni la fi í kọ mẹ́ẹ̀jẹ, ẹnu ẹni náà la fi í ní ebi ń pa mí.

Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Palupi ní ẹ̀bùn kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí Bapak sáré yí ìlú po, kí òun, ọkọ òun àti àwọn ọmọ jókòó sídìí fóònù ní Perth, kí wọ́n máa wo ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Pak Gunarso kò lè ṣe kó má fi kún un. Ó gbé e sí ojú fóònù ẹgbẹ́ pé kí gbogbo ènìyàn máa wò ó láti ibi tí wọ́n bá wà. Ó ní kí wọ́n dúró dè òun lẹ́nu ọ̀nà pápá, òun á bá wọn níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ètò rẹ̀ ni pé Kasdi á gba ẹ̀yìn àtíbàbà wọlé, wọn á pààrọ̀ aago, òun á fi omi wọ́n orí, òun á jáde síta.

Ó dé láàárọ̀ náà, ojú rẹ̀ funfun. Kò rí okùn aago náà so, Kasdi ló bá a so ó tán. "Pak Guru, ṣé kí n dúró tì yín?" Kasdi bi í.

"Lọ. Palupi ń wò."

Kasdi ki íápíìsì bọ etí, ó lọ. Pak Gunarso jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò béèrè nǹkan kan. Láìpẹ́ ó ní àgbọ̀n ń dun òun, ó ní apá òsì òun wúwo. Òógùn bò ó, òógùn tútù, ó sì ń wá èémí.

"Atẹ́gùn ló jókòó sí i láyà yìí," Mbok Jirah sọ fún mi. "Ji, bá mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀." Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí èèyàn bá ń làágùn tútù, tí àyà ká a mọ́, atẹ́gùn la máa ń pè é, a ó sì họ ọ́ jáde. Ó fi epo gbígbóná pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú owó ẹyọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ láti ọrùn sísàlẹ̀, títí ẹ̀yìn náà fi pọ́n ní ìlà-ìlà. "Ẹ wo bó ṣe pọ́n! Atẹ́gùn náà pọ̀." Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀, làpálàpá ló ń pa. Mo ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Pak Gunarso mi orí. "Wọ́n á... wọ́n á pe Palupi."

Níbi tí a wà nìyẹn tí Wondo fi ká aṣọ ìkélé.

Ó wá mu tíì ni, àwọn ará ẹgbẹ́ bíi márùn-ún tẹ̀ lé e, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo fóònù. Ó wo Pak Gunarso tó jókòó láìwọ ẹ̀wù. Ó tún wo fóònù. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn. Mi ò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Pak Guru!" ó ní. "Ẹ̀yin rèé ní ẹ̀bá odò, ẹ ń sáré. Ẹ wò ó. Ẹ̀ ń gun afárá lọ."

"Wondo," Pak Gunarso ní, "mọ́tò rẹ."

"Mọ́tò kẹ̀? Ẹni tó ń sáré báyìí?" Ó gbé fóònù sí i lójú. "Ẹ wo ọkàn yín bó ṣe ń lù. Ọkàn ẹṣin! Kò sí nǹkan tó ṣe yín."

Mo ní, "Pak Wondo, ẹ fi eré sílẹ̀, ara ọkùnrin yìí ò yá. Alùpùpù ò lè gbé e."

"Màá gbé e. Mọ́tò mi nìyẹn níta. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ ọ́." Ó tẹ̀ sísàlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ta ló ń sáré, Pak Guru? Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ta ló ń jẹ́ ìgbín láàárín èmi àti ẹ̀yin?"

Pak Gunarso wò ó. Agídí ṣì wà lójú rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó sì dàbí ẹni pé yóò pa á mọ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ìrora náà tún gbá a mú, ó di etí tábìlì mú.

"Kasdi," ó ní.

Wondo fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Mi ò gbọ́. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ gbọ́?"

"A ò gbọ́!" Gbogbo wọn ló pa á pọ̀, bí ìgbà tí a wà ní kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnu mi gan-an là, kí n tó pa á dé.

"Kasdi ni... kì í ṣe èmi..."

"Ẹ sọ ọ́ sókè!"

Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ohùn tó jáde. Orí rẹ̀ rọra wá sílẹ̀ sórí tábìlì láàárín àwo Mbok Jirah, ọ̀kan sì bọ́ sílẹ̀ ó fọ́. Ẹ̀rín ṣì ń jáde lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn, kò tètè mọ̀. Nígbà náà ni Wondo wá ń sáré, nígbà náà ló wá ń pariwo pé ká gbé e, ká gbé e. A gbé e. Kí a tó dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, Mbok Jirah fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní kí a gbé e sílẹ̀. Fóònù Wondo wà nílẹ̀ níbi tó jù ú sí. Ọkàn Pak Gunarso ṣì ń lù lójú rẹ̀, kì, kì, kì, ó ti dé àárín afárá.

Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún Palupi kó tó gbọ́ ọ lójú fóònù ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ nínú wa. Inú fóònù bàbá rẹ̀ nìkan ló wà, apá Kasdi ni fóònù náà sì wà. Mo gbé alùpùpù tó wà nítòsí mi, mi ò tilẹ̀ mọ ti ta ni.

Mo bá a lórí afárá. Mo fọn fèrè alùpùpù, kò gbọ́. Mo fọn fèrè ẹnu mi, kò gbọ́. Kóplò wà létí rẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó rò pé mo wá kí òun kú iṣẹ́ ni, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ijó sáré, ó ń ju ìdí. Ọkùnrin yẹn ń gbádùn ara rẹ̀. Mo gbé alùpùpù dábùú rẹ̀, mo fa íápíìsì yọ.

"Ó ti kú."

"Ta ló kú?"

"Pak Guru ti kú, Kasdi."

Ó dúró. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó wo aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ bóyá òótọ́ ni. Fóònù bá dún ní apá rẹ̀. Òfin wà pé kí ó má dáhùn, kò sì dáhùn. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

"Bapak! Kí ló dé tí ẹ dúró?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ń pariwo pe bàbá àgbà wọn lẹ́yìn rẹ̀: "Kakung, ẹ sáré! Kakung, ẹ sáré!" Ó ní, "Ẹ má dá mi lóhùn, Bapak, ẹ mí ná. Mò ń gbọ́ èémí yín. Ẹ mí dáadáa."

Èémí Kasdi ló ń gbọ́.

"Mbak Palupi," mo ní, "èmi ni. Tarmuji tó ń ṣọ́ alùpùpù. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bapak ti fi wá sílẹ̀."

"Ó fi yín sílẹ̀ lọ síbo?"

"Bapak ti kú, Mbak."

Palupi bínú. "Kang Ji, irú eré wo nìyẹn? Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀? Ọkàn rẹ̀ ló wà níwájú mi yìí, ó ń lù. Mò ń wò ó! Gbogbo wa là ń wò ó. Ẹ gbé fóònù fún bàbá mi."

"Mbak, kì í ṣe ọkàn Bapak. Kasdi ló wọ aago..."

"Ó ń lù! Nọ́ọ̀sì ni mí, Kang, ẹ má pa irọ́ fún mi. Ó ń lù."

Omi ń dà lójú Kasdi. Mo rò pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó fẹ́ kí Palupi rí i pé ọkàn òun ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ó ki ìka bọ okùn aago náà, ó tú u, ó bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́.

Ariwo àwọn ọmọ dáwọ́ dúró ní Perth. Lẹ́yìn náà ni Palupi ké, igbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu èèyàn.

"Ó ti dúró! Ọkàn rẹ̀ ti dúró! Kang Ji, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀! Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkan kíkan, ẹ má dúró! Mo máa kà á fún yín. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ ń tẹ̀ ẹ́?"

Mo la ẹnu kí n sọ òtítọ́ fún un. Kasdi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà afárá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dùbúlẹ̀ sí, èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

"Mò ń tẹ̀ ẹ́, Mbak," ó ní. "Ẹ máa kà."